Gíláàsì Pupa Ojú Kámẹ́rà

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ kó má di ìjà nígbẹ̀yìn: èmi kì í ṣe ọ̀rẹ́ fótò tí kò ní àwọ̀. Aránṣọ ni mí. Àwọ̀ ni mo fi ń jẹun. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ pupa wá, tí mo fi òwú pupa tí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ rán an, ariwo dé nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi bá ní àwọ̀ ló ń ba fótò ìgboro jẹ́, ṣe ni mo máa ń pòṣé tí abẹ́rẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi.

Dúdú-Funfun ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, èjìká rẹ̀ kan sì lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ nítorí okùn àpò kámẹ́rà tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá rí ohun tó wù ú lójú títì, ojú rẹ̀ òsì á dì fúnra rẹ̀, kódà bí kámẹ́rà ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé ó ń ṣẹ́jú sí àwọn ni. Ọkọ ìyàwó kan fẹ́ tìtorí ìyẹn yọ eyín rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báńkì, èmi ni mo sáré lọ là wọ́n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe ìyàwó yín ló ń wò. Òjìji irin tó bọ́ sára ògiri lẹ́yìn wọn ló ń wò." Ọkùnrin yẹn wojú mi bíi pé àwa méjèèjì la ya wèrè.

Kì í ṣe pé kò mọ fótò aláwọ̀ ọ́ yà o. Fótò ìgbéyàwó, fótò ìwé ìrìnnà, fótò ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan, aláwọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló sì ń gbọ́ bùkátà. Yàrá iwájú ló ti ń ṣe wọ́n, níbi tí àga onítìmùtìmù kan wà, pẹ̀lú aṣọ ìkélé tí èmi fúnra mi rán. Ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó ti fi pákó dí fèrèsé rẹ̀, ó fi aṣọ tó nípọn bo ẹnu ọ̀nà, gílóòbù pupa kékeré kan ló sì ń tàn níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń rẹ fótò sínú omi oògùn nínú àwọn abọ́ pẹrẹsẹ, tí gbogbo ilé á máa rùn bí ọtí kíkan. Bí iṣẹ́ yàrá iwájú bá ti dilẹ̀, á gbé kámẹ́rà àtijọ́ rẹ̀, á jáde sí ìgboro.

"Àwọ̀ máa ń pariwo, Ìyá Abẹ́rẹ́," bó ṣe máa ń sọ fún mi nìyẹn. "Tó o bá wo títì báyìí, pátákó ìpolówó ló máa kọ́kọ́ fa ojú ẹ, lẹ́yìn náà ọkọ̀ tó pupa yòò, lẹ́yìn náà agboòrùn ẹnì kan. Bàbá tó jókòó sábẹ́ pátákó yẹn, o ò ní rí i. Yọ àwọ̀ kúrò, gbogbo wọn á dákẹ́. Ìgbà yẹn lo máa wá rí èèyàn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ fi ìyẹn tan ẹlòmíì. Ẹni tó bá fẹ́ rí bàbá, ṣé kò lè lọ bá a kó kí i ni?"

Á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Fótò dúdú àti funfun kì í purọ́. Àwọ̀ ló ń purọ́." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, nítorí òun náà ló padà wá bù ú jẹ.

Mo kórìíra kí n gbà á, ṣùgbọ́n mo gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ó ya títì wa lẹ́yìn òjò, tí ọ̀dà ń dán, tí wáyà iná kọjá síra wọn lókè, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń fo omi tó dá rogún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò sí nílẹ̀. Ó ya alágbàfọ̀ wa nínú èéfín omi gbígbóná, tó jẹ́ pé apá àti irin ìlọṣọ nìkan lo máa rí. Ó ya àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì, tí olúkúlùkù wọn ń wo ibi tó yàtọ̀ bíi pé kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó ya èmi náà. Mo fi eyín já òwú, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí apá kan ojú mi. Nígbà tó fi hàn mí, ìyá mi tó ti kú ni mo rí. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ ni, kò sí ohun tí ǹ bá rí ju aṣọ tó ti ṣá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà lọ, aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ ní orúkọ.

Ìjà kan ṣoṣo tí a jà dé góńgó ni ìjà ilẹ̀kùn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní pupa, pupa tí o lè rí láti ìpẹ̀kun títì. Ó ya títì, ó lẹ fótò náà mọ́ ògiri rẹ̀, mo wò ó, ilẹ̀kùn mi ti funfun bí ẹfun! Mo gbé e gbóná fẹli-fẹli. Mo ní ó bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí mo fowó ṣe. Òun ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ ló fà mí lápá wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì fi gíláàsì róbótó kan hàn mí, pupa bí ẹ̀jẹ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń dé mọ́ ojú kámẹ́rà.

"Ẹ má bínú, mà," ni àbúrò náà wí. "Gíláàsì yìí ló ṣe é. Ohun tó bá pupa, ó máa sọ ọ́ di funfun. Ohun tó bá jẹ́ búlúù, ó máa sọ ọ́ di dúdú. Torí ẹ̀ ni ojú ọ̀run ṣe ń dúdú nínú fótò wọn, tí àwọsánmà wá ń yọ dáadáa. Bí wọn ò bá dé e mọ́ kámẹ́rà, ilẹ̀kùn yín ò ní rí bẹ́ẹ̀."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ tó fi yé èmi tí mi ò mọ nǹkan kan. Ọmọ náà mọ gíláàsì yẹn ju bí mo ṣe mọ ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ, torí òun ló ń nù ún láti kékeré.

Àbíkẹ́yìn là ń pè é, torí òun ni àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Bàbá wọn kú nígbà tó ṣì ń rákò. Dúdú-Funfun ló tọ́ ọ. Òun ló ń mú un lọ síléèwé, òun ló ń gbé e sẹ́yìn bí ibà bá mú un, òun ló fi iṣẹ́ fótò rán an dé ibi tó kàwé dé. Ìyàwó tí ì bá fẹ́ nígbà náà ní òun ò lè dúró de ọkùnrin tó ti ní ọmọ láì tíì ní aya, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò fẹ́ ẹlòmíì mọ́. Bí a bá bá a sọ ọ́, á ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù." Àwa náà á ní, "Àṣẹ."

Káńsù ìlú ni Àbíkẹ́yìn ti ríṣẹ́. Ẹ ò rí ìdùnnú! Owó oṣù àkọ́kọ́ tó gbà, ọ̀dà ló fi rà, búlúù tó mọ́ roro, ó sì gun àkàbà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kun ilé ìyá rẹ̀, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀dà ta sí irun rẹ̀, ó ta sí bàtà rẹ̀, ó ta sí mi lára níbi tí mo ti dúró ń júwe ibi tí kò kàn. Ọ̀dà tán kó tó dé ẹ̀yìnkùlé, nítorí náà ẹ̀yìn ilé náà wà bó ṣe wà, síméńtì lásán. Ó ní òun máa padà wá parí rẹ̀. Kò padà wá parí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iwájú ilé náà dùn ún wò. Láti ọjọ́ náà, Màmá kì í jókòó síbòmíì. Àga rẹ̀ ń bẹ níwájú ògiri búlúù yẹn láàárọ̀, ó ń bẹ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì kí i, kó tó dáhùn ìkíni, á kọ́kọ́ bi í pé, "O rí ògiri mi? Àbíkẹ́yìn mi ló kùn ún." Aránbàtà tó múlé gbè é jowú, ó kun tirẹ̀ ní búlúù. Alágbàfọ̀ tẹ̀ lé e. Kí a tó mọ̀, gbogbo ilé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ náà ti di búlúù, tèmi náà sì wà níbẹ̀, àfi ilẹ̀kùn mi tí mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni.

Àbíkẹ́yìn ṣí lọ sí apá ìlú kejì nígbà tó ga sí i lẹ́nu iṣẹ́. A kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé aṣọ ìkélé tuntun lọ sí yàrá ẹ̀yìn Dúdú-Funfun, mo bá Àbíkẹ́yìn níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó ń dán, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, káńsù fẹ́ ṣe àfihàn fótò. Mo ti sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó mọ ìgboro yìí yà bíi yín. Àdúgbò wa ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ yà, ilé kọ̀ọ̀kan, kí onílé dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Ayafótò náà gbé abọ́ oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ògiri yàrá rẹ̀ nìkan ló ti ń wo fótò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun kan ló kù," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Ẹ dé gíláàsì pupa mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí ojú ọ̀run dúdú, kó le. Ìyẹn ló máa ń wú àwọn ọ̀gá wa lórí."

"Ògiri búlúù náà máa dúdú nìyẹn o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. "Jẹ́ kí n ya ọ̀nà méjèèjì. Èyí tó wù yín, kẹ́ ẹ mú un."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àbíkẹ́yìn wí. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Mo sì tún kí i kú iṣẹ́, èmi òmùgọ̀ yìí.

Ẹ ò rí bí a ṣe múra fún fótò yẹn. Alágbàfọ̀ lọ ẹ̀wù gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́. Aránbàtà gbá iwájú ilé rẹ̀, ó gbá ti aládùúgbò mọ́ ọn. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú ògiri rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè bí olórí ìlú. Dúdú-Funfun ń lọ, ó ń bọ̀, ojú òsì rẹ̀ dì pa, ó ń pariwo pé ká má rẹ́rìn-ín, kí á kàn dúró bí ẹni tó nílé. Ilé kọ̀ọ̀kan ló yà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú gíláàsì àti láìsí gíláàsì. Ó fọ wọ́n, ó tẹ̀ wọ́n, ó di gbogbo rẹ̀ papọ̀ sínú àpò ìwé ńlá kan, ó sì fà á lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìgbà tó yá, ìránṣẹ́ káńsù kan ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní ẹ̀gbẹ́ wa, ó ní kí gbogbo onílé wá sí gbọ̀ngàn káńsù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ò sì bi í, ta ni kò mọ̀ pé àfihàn fótò ni? Dúdú-Funfun pe Àbíkẹ́yìn lórí fóònù kó fi dúpẹ́, kò gbé e. Ó ní, "Iṣẹ́ àfihàn ló gbé e lọ́wọ́ dání." Ó wọ kóòtù kan ṣoṣo tó ní, mo bá a tún bọ́tìnì rẹ̀ rán. Màmá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí a wò ó fún òun dáadáa.

A wọ gbọ̀ngàn, lóòótọ́ sì ni fótò wà lára ògiri. Wọ́n ti sọ wọ́n di gbàràmù-gbaramu, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ilẹ̀kùn. Dúdú-Funfun dúró, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Gbogbo eyín rẹ̀ ló yọ bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà tuntun fún. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó ka ohun tí wọ́n kọ sórí wọn: ÀWỌN ILÉ TÍ KÒ YẸ FÚN ÈNÌYÀN LÁTI GBÉ.

Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Mo tún fótò wò. Ògiri gbogbo wa dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú ọ̀run dúdú lórí wa. Àwa tí a dúró bí ẹni tó nílé, níbẹ̀ yẹn, bí ẹni tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó nílé la rí. Ilẹ̀kùn mi funfun bí eegun. A jókòó síwájú ìgbìmọ̀ káńsù, ẹnjiníà wọn kan dìde, ó na igi sí ògiri kọ̀ọ̀kan, ó ní èéfín ti wọ̀ wọ́n lára, ó ní ọ̀rinrin ti jẹ wọ́n, ó ní ohun tó dára jù ni kí a wó ẹ̀gbẹ́ náà látòkè délẹ̀, kí a sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ilé ìtajà ńlá tó ń bọ̀.

Alágbàfọ̀ yíjú padà. "Dúdú-Funfun," ló wí. "Ìwọ lo ṣe èyí? Ìwọ tí mo bá lọ ẹ̀wù?"

Dúdú-Funfun tẹ̀ sí etí mi. "Àwọn tí mo yà láìsí gíláàsì ńkọ́? Wọ́n dà?" Ó ń wo ògiri láti igun kan dé èkejì, ó ń wá wọn. Kò sí ìkankan. Mo rí i nígbà tó yé e. Ṣe ni ó fọwọ́ di àga tó wà níwájú rẹ̀ mú.

Ó dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, èmi ni mo ya fótò wọ̀nyí. Ilé wa kì í ṣe dúdú. Búlúù ni. Gíláàsì pupa ni mo dé mọ́ kámẹ́rà, òun ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀."

Obìnrin kan tó wọ awò ojú ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé irọ́ ni fótò yín ń pa?"

Ọkùnrin tó ti ń sọ fún gbogbo ayé pé fótò dúdú àti funfun kì í purọ́! "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí. "Irọ́ ni wọ́n ń pa."

Alága kọjú sí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ káńsù. Ibẹ̀ ni Àbíkẹ́yìn jókòó sí, mi ò tilẹ̀ tíì rí i tẹ́lẹ̀, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíì. "Ẹ̀yin lẹ kó fótò yìí wá. Wọ́n ní àdúgbò yẹn ni wọ́n bí yín sí. Ilé tí ìyá àgbà jókòó sí níwájú yìí, àwọ̀ wo ni?"

Ilé ìyá rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ló wà nínú fótò, tó gbé àgbọ̀n sókè.

Àbíkẹ́yìn ò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. "Ó ti pẹ́ tí mo ti débẹ̀ gbẹ̀yìn, mà. Mi ò lè sọ. Ohun tí mo rí nínú fótò ni mo mọ̀."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde. "Irọ́ ńlá! Ìwọ lo kùn ún! Ọ̀dà yẹn ta sí mi lára! Àbíkẹ́yìn, wò mí lójú!" Wọ́n ní kí n jókòó, mi ò jókòó, títí Dúdú-Funfun fi fà mí lápá. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Alága ní ó dára, kò sẹ́ni tó máa wó ilé tí òun ò fojú ara òun rí, ìgbìmọ̀ á wá wò ó.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìránṣẹ́ káńsù tó wá pè wá ló padà sọ fún mi pé wọ́n ti ṣèlérí àga olórí ẹ̀ka fún Àbíkẹ́yìn bí ilẹ̀ yẹn bá lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àga, ẹ̀yin èèyàn. Nítorí àga.

Nígbà tí a padà dé àdúgbò, àwọn èèyàn ń bínú sí Àbíkẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí wọn, ẹni tó wà nítòsí ni wọ́n sì rí bá jà. Fótò tí Dúdú-Funfun ti ya fún wọn láti ọdún pípẹ́, fótò tí wọ́n ti fi kọ́ sí pálọ̀, wọ́n ń kó wọn wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan dojú tiwọn délẹ̀. Alágbàfọ̀ kó tirẹ̀ wá, èyí tó wà nínú èéfín. Ó ní òun ò mọ irú gíláàsì tó wà lójú kámẹ́rà lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé Dúdú-Funfun gba gbogbo ẹ̀bi sára. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tọrọ àforíjì, ó ní òun ni òun fẹ́ kí ojú ọ̀run dúdú, ó ní Àbíkẹ́yìn ò mọ ìyàtọ̀ fótò kan sí èkejì. Wọ́n gbà á gbọ́. Ó ní ká jọ̀ọ́, ká má dárúkọ ọmọ náà létí Màmá. Èmi nìkan ni mi ò gbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yẹn mọ̀! Òun ló kọ́ mi ní ohun tí gíláàsì ń ṣe. Ojú mi ló ṣe ní kẹ́ ẹ dé e mọ́ kámẹ́rà. Ẹ ò lè máa ru ẹrù olè."

"Mo mọ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?" Ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù tí oníbàárà máa ń jókòó sí, ó fọwọ́ bo ojú. "Èmi ni mo tọ́ ọ. Nígbà tí mò ń sọ fún wọn pé irọ́ ni fótò mi, ó ń gbọ́ mi. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ mi. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n Màmá ti dàgbà. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó mọ̀."

Mo ṣèlérí. Ìlérí náà ń bù mí jẹ lẹ́nu ni gbogbo ìgbà tí mo bá rí Màmá.

Ìgbìmọ̀ wá lọ́sàn-án gangan. Alága sọ̀ kalẹ̀, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó lọ síbi ògiri Màmá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rà á, ó sì wo ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Kò rí èéfín, kò rí ọ̀rinrin, àfi ìyá àgbà kan tó ń wò ó pé kí ló ń fọwọ́ pa ní ara ògiri òun. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé pé wọ́n ti pa ètò náà tì. A hó yèè ní àdúgbò. Aránbàtà fo sókè. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn Dúdú-Funfun. Mo rí i lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, ó ń wò wá, ojú rẹ̀ méjèèjì là.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mò ń wọn Màmá fún aṣọ níwájú ilé rẹ̀, okùn ìwọnṣọ wà ní ìbàdí rẹ̀, nígbà tí Dúdú-Funfun gbé omi mímu wá fún un. Màmá gba omi, kò mu ún.

"Àkọ́bí mi, wọ́n ní fótò rẹ ló fẹ́ẹ́ lé wa kúrò nílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Gíláàsì pupa yẹn ni. Èmi ni mo dé e mọ́ ọn. Ẹ má bínú."

"Gíláàsì pupa." Màmá ń yí ife náà lọ́wọ́. "Mo mọ gíláàsì yẹn. Etí aṣọ mi ni Àbíkẹ́yìn fi máa ń nù ún, tí màá ní ó ń dọ̀tí rẹ̀ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìgbà wo wá ni gíláàsì yọ ẹsẹ̀, tó fi rìn dé káńsù?"

Mo tẹrí ba, mo ń wo nọ́ńbà ara okùn bíi pé mi ò mọ̀ ọ́n kà. Màmá ò pariwo. Ohùn tó fi ń béèrè bóyá òjò máa rọ̀ ló fi tún béèrè pé, "Ó mọ̀ pé ilé mi wà nínú rẹ̀?"

Ọkùnrin náà la ẹnu kó purọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ló fẹ́ pa, nítorí ó ti ń mi orí pé rárá. Ṣùgbọ́n kò jáde. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ó sì sunkún tí èjìká rẹ̀ méjèèjì fi ń mì. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ń wo títì, kò wo ẹnì kankan nínú wa.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Dìde. Bá mi gbé àga mi."

"Ṣé kí n gbé e wọlé, Màmá?"

"Rárá. Ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí ọ̀dà ò dé."

Ó gbé àga, mo di Màmá lọ́wọ́ mú, a gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. A gbé e síwájú síméńtì lásán yẹn, níbi tí kò sí ohun tó ṣe é wò ju okùn ìsáṣọ lọ. Mo parí aṣọ rẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ń jókòó sí títí di òní, ẹni tó bá sì fẹ́ kí i, á mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé lòun ń lọ.

Àbíkẹ́yìn máa ń pe fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà mìíràn, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun ní Màmá, òun fẹ́ kí wọn. Dúdú-Funfun á gbé fóònù lọ bá a. Màmá á wo fóònù náà, kò ní gbà á. "Sọ fún un pé ẹ̀yìnkùlé ni mo wà," ló máa ń wí.